Ìdílé aláró tí ó ní agbára: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìwé ìtàn tí mo ń kọ

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí gbogbo yín. Ìwé ìtàn àròsọ kan ni mo ń kọ ní èdè Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 12 sókè, àti fún àgbàlagbà tí ìtàn ìdán kò tíì sú. Abẹ́òkúta ni mo fi ìtàn náà sí, láàárín ọdún 1930 sí 1940, ní agbo ilé kan tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pa aṣọ láró. Ìyá Àgbà Àbẹ̀kẹ́ ni àgbà ilé. Ṣówándé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ni baálé. Fọláṣadé, àbúrò Ṣówándé, jẹ́ ọmọ osú tí ó ti ilé ọkọ padà wá. Àwọn ìbejì Ṣówándé, Táyé tí ó jẹ́ ọkùnrin àti Kẹ́hìndé tí ó jẹ́ obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 13.

Gbogbo wọn ni mo fún ní agbára. Ìyá Àgbà lè pa ojú ọjọ́ dà, Ṣówándé ń di ẹkùn, Fọláṣadé ń gbọ́ ohun tí àwọn òkú ń sọ, àwọn ìbejì sì ń fò. Ẹni ibi tí wọ́n ń bá jà ń jẹ́ Ọba Òkùnkùn, inú àpáta Olúmọ ni ó ń gbé, ó sì fẹ́ gba gbogbo ayé.

Ìṣòro mi ni pé ìtàn náà ń rọrùn jù fún wọn. Ibi yòówù kí Ọba Òkùnkùn gbé ìjà kò wọ́n, ọ̀kan nínú wọn yóò ti rí agbára tí yóò fi bá a wí kí ojú ewé mẹ́ta tó kún. Ẹni tí mo kọ́kọ́ fún kà sọ fún mi pé ẹ̀rù kò ba òun níbì kankan. Ìbéèrè kejì jẹ mọ́ ọfọ̀: ṣé èyí tí àwọn àgbà ń pè ní tòótọ́ ni kí n lò, tàbí kí n dá tèmi sílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi.

Akéwì Òkè-Àdó

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé agbára tí o fún wọn kò bá ilé wọn tan. Aláró ni o pè wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú agbára wọn tí ó ti inú ìkòkò aró jáde. Ẹni tí ń di ẹkùn, ilé ọdẹ ni mo ti máa ń wá a. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn òkú, ilé ọ̀jẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ. Nílẹ̀ wa, iṣẹ́ tí a bá nínú ìdílé ni ó máa ń sọ irú àṣírí tí ó wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ wọn náà sì ń jẹ́rìí sí i: Àyàn ní ilé onílù, Ọdẹ ní ilé ọdẹ, Ọ̀jẹ̀ ní ilé eégún, Ifá ní ilé babaláwo. Orúkọ Ṣówándé tí o mú yìí gan-an ní ohun tí ó ń sọ, nítorí pé oṣó ni Ṣó tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń tọ́ka sí. Bàbá láti ilé oṣó, ìyá láti ilé aláró: èdè-àìyedè ti wà nínú ilé yẹn kí ọ̀tá kankan tó kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ obìnrin ni aró pípa jẹ́ ní ìlú yín. Nítorí náà agbára yẹn yóò máa gba ọ̀dọ̀ ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin, Ṣówándé tí ó jẹ́ baálé kò sì ní lè fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí ó dùn ún.

Wàyí o, wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á fi láfún se ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ funfun, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá jókòó sí, aró kì í wọ ibẹ̀. Òfin agbára ìwé rẹ nìyẹn, o kò sì ní láti wá òmíràn kiri. Ohun tí Ìyá Àgbà bá fi ẹ̀kọ yà, ibi kò lè wọ̀ ọ́. Bí ó bá ya ẹnu ọ̀nà sára aṣọ tí ó sì fi aṣọ náà bo ọmọ, ohunkóhun tí ó bá ń lépa ọmọ náà kò ní rí ọ̀nà wọlé. Nígbà tí òfin náà bá ti yé òǹkàwé dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, nítorí pé yóò ti mọ ibi tí òfin náà kò dé kí àwọn ará ilé tó mọ̀ ọ́n.

Ojú ọjọ́, ẹkùn àti fífò: yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò.

Ìyá Aláró Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kún un, nítorí pé ìdí ìkòkò aró ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ mi, agbára tí ẹ̀gbọ́n wa sọ yìí, ó ń gba àkókò, ibẹ̀ sì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ewé ẹ̀lú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni a ń gún nínú odó, a ó sì ṣù ú, a ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. A ó dáná igi láti rí eérú, a ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀, a ó bu omi lé e, omi eérú náà yóò sì máa kán sínú ìkòkò tí ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú omi yẹn ni a ń kó ẹ̀lú sí, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mú. Aró tí a kò fún ní ọjọ́ tirẹ̀ kò lè mú aṣọ. Nítorí náà, bí ibi bá kan ilẹ̀kùn lóru òní, tí kò sí aró nílé, kò sí ohun tí Ìyá Àgbà lè ṣe sí i. Ó ti yẹ kí ó mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ibi ń bọ̀.

Ohun kejì tí ó lè wúlò fún ọ: nígbà tí a bá yọ aṣọ nínú aró, kò tíì dúdú. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń mú jáde, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń pa á dà sí àwọ̀ aró lójú wa. A ó tún tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, a ó tún gbé e jáde, títí yóò fi dúdú tó bí a ti fẹ́. Bí ìwé bá tèmi ni, ìgbà tí aṣọ ṣì ní àwọ̀ ewé yẹn ni ọ̀tá yóò dé, nígbà tí aṣọ ti kúrò ní funfun ṣùgbọ́n tí kò tíì di ohun tí a fẹ́ kí ó dà.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù, ẹ sì má sọ pé mo ń tú àṣírí. Ojú kan aṣọ ni a ń fi ẹ̀kọ sí. A kì í fi sí ẹ̀yìn. Aró máa ń ti ẹ̀yìn yọ́ wọlé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwòrán inú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í fi í funfun láú lẹ́yìn tí a bá ti ha ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí a dáàbò bò pàápàá, aró ti fẹnu kàn án. Ọmọ mi, ṣé o rí ibi tí ibi yóò gbà wọlé?

Ọmọ Ìtòkú

Ìyá mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yìn aṣọ! Mo dìde lórí àga nígbà tí mo kà á. Ṣé kí n wá fi Ọba Òkùnkùn sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó kàn máa gba ẹ̀yìn wọlé?

Olóòtú Àgbà

Rárá o. Ọba Òkùnkùn ni ìṣòro rẹ tí ó tóbi jù, kì í ṣe agbára àwọn ará ilé. Ẹni tí ó fẹ́ gba gbogbo ayé kò fẹ́ nǹkan kan pàtó, ẹni tí kò sì fẹ́ nǹkan kan pàtó kò lè ba ọmọdé lẹ́rù. Irú ọba bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù, kò sì sí èyí tí ó mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé tí ó ń bá jà. Àwọn awo ti ka ibi fún wa ní ẹyọ ẹyọ tipẹ́: ajogun ni wọ́n pè wọ́n, mẹ́jọ sì ni olórí wọn, Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀kan kì í sì í ṣe iṣẹ́ èkejì. Mú ẹyọ kan. Bí o bá bi mí, Òfò ni mo máa mú fún ilé aláró, nítorí pé aṣọ máa ń ṣá. Ohun tí Òfò ń mú lọ kò ní láti tóbi níbẹ̀rẹ̀: àwọ̀ aṣọ kan, orin tí wọ́n fi ń gún ẹ̀lú, orúkọ aládùúgbò. Kí a tó mọ̀, Ìyá Àgbà kò dá ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Má gbàgbé láti bi ara rẹ bí Òfò ti ṣe wọlé. Ibi kì í wọ agbo ilé láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún un, àkókò tí o sì mú yìí ti fún ọ ní ilẹ̀kùn. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta bá ìjọba Aláké fà á gan-an lórí sódà àti aró òyìnbó tí àwọn kan ti ń lò dípò eérú àti ẹ̀lú, nítorí pé ó yá, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Fi Fọláṣadé sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ọkọ ni ó ti padà dé lọ́wọ́ òfo, ó fẹ́ rí owó kíákíá kí ẹnikẹ́ni má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnì kan sì gbé ìyẹ̀fun kan fún un ní ọjà pé kò ní gba ọjọ́ kankan kí aró tó mú. Kò ṣe ohun tí ó burú ju ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin ìlú ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó fi ìyẹ̀fun yẹn pa láró, ibi tí ẹ̀kọ wà nínú rẹ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, kò sì sọ fún ará ilé.

Ọ̀rọ̀ méjì kékeré. Fi àpáta Olúmọ sílẹ̀: òun ni ó gba àwọn Ẹ̀gbá mọ́ra nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ ní ọdún 1830, àwọn òǹkàwé Ẹ̀gbá yóò sì sọ ìwé rẹ nù bí o bá fi ẹni ibi sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí àwọn ọmọ sá lọ. Bákan náà, má ṣe pe ẹni ibi rẹ ní Èṣù. Èṣù ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, ó sì lè jẹ́ pé òun ni yóò dúró ní oríta tí yóò béèrè ohun tí àwọn ọmọ kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Ìjì Ìkẹjà

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má sọ ọ́ di ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ ọdún 13 ni mo jẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ìwé yìí, ìrìn àjò àti ewu ni mo ń wá. Ẹ ti jókòó ti ìkòkò aró láti àárọ̀. Ibo ni àwọn ìbejì ń lọ? Ta ni ó ń lé wọn?

Onígẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu

Àbúrò wa láti Ìkẹjà sọ òtítọ́, èmi yóò sì fún wọn ní ọ̀nà tí wọn yóò rìn. Láti Abẹ́òkúta, kí wọn gba ìhà ìwọ̀ oòrùn lọ sí Ìmẹ̀kọ, kí wọn sì ti ibẹ̀ kọjá wá sí Kétu lọ́dọ̀ wa. Ní àkókò tí o ń sọ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jọba lórí Ìmẹ̀kọ, Faransé ni ó ń jọba lórí Kétu, ẹbí kan náà sì wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ru aṣọ tí àwọn aṣọ́bodè kò gbọ́dọ̀ tú: ewu ti wà níbẹ̀ láìsí iwin kankan. Nígbà tí wọ́n bá dé Kétu, ẹnu-bodè àtijọ́ wa, Àkàbà Ìdènà, ni kí wọn bá pàdé. Yàrà ni wọ́n gbẹ́ yí odi ìlú ká, àwọn àgbà sì máa ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ibẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ènìyàn tí ó ní oògùn. Síbẹ̀, Dahomey kó ìlú náà ní ọdún 1886. Arúgbó tí ó rí ogun yẹn lọ́mọdé ṣì lè wà láàyè nígbà ìtàn rẹ, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ bí ilẹ̀kùn tí ó lágbára ṣe ń jẹ́ kí ibi gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an jẹ mọ́ agbára àwọn obìnrin. Mo ti kà á ní ọ̀pọ̀ ìwé pé bí a bá ti dárúkọ àjẹ́, pípa ni ó kù. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ìyá wa ni a ń pè wọ́n, a sì ń fi ẹwà àti ẹ̀rín tù wọ́n lójú. Nínú eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, Ẹ̀fẹ̀ tí ó jẹ́ olórin yóò jáde lóru, yóò máa fi orin tú àṣírí àwọn aṣebi ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì ní mú un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọkùnrin yóò gbé ère rù, wọn yóò múra bí obìnrin, wọn yóò máa jó ní méjì méjì fún ọlá àwọn ìyá. Ajọ UNESCO pàápàá ti fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú àkójọ àṣà tí ó ń bọ̀wọ̀ fún ní ọdún 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ìjà tí ó parí ìwé rẹ kò ní láti jẹ́ ti idà àti àrá. Bí Òfò bá ń mú orúkọ lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lóru tí gbogbo ìlú bá péjọ tí ẹnì kan sì ń fi orin pe orúkọ gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan orúkọ Òfò fúnra rẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín?

Ìjì Ìkẹjà

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó lé wọn gba inú igbó kan ná.

Akéwì Òkè-Àdó

Ó di ọ̀rọ̀ ọfọ̀ tí o béèrè. Èyí tí oníṣègùn kan bá fi sọ́wọ́ rẹ, má ṣe kó o sínú ìwé. Kì í ṣe tìrẹ, ó sì tún máa ń dà bí àlejò láàárín ọ̀rọ̀ tí o fúnra rẹ kọ. Dá tìrẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo bí wọ́n ti ń hun ún. Gbogbo wa ni a mọ “Agbe ló laró, kì í ráhùn aró; àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn; lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun.” Ohun tí ojú gbogbo ènìyàn ti rí nínú ẹ̀dá ni ó kọ́kọ́ sọ, ó tún sọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹni tí ó lè já a nírọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tí ń pe é yóò so ohun tí ó ń fẹ́ mọ́ ìdí wọn, bí ẹni pé ohun náà ti di òtítọ́ bíi tiwọn. Ọ̀nà kejì ni kí orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí a rán an jọ dún, bí ẹni tí ó pe ewé àlùpàyídà pé kí ó pa ibi dà.

Fún ilé aláró, mo gbìyànjú èyí, o lè mú un bí ó bá wù ọ́:

Aró kì í wọ ibi tí ẹ̀kọ bá jókòó sí.
Òjò kì í pa omi inú àgbọn.
Oòrùn kì í pa ẹja inú ibú.
Òfò kò ní mojú ọ̀nà ilé yìí.

Ìyá Àgbà nìkan ni kí ó máa pe ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Kí Kẹ́hìndé mọ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé wọn kò tíì kọ́ ọ ní èyí tí ó kẹ́yìn, tí Òfò bá sì ti mú un kúrò lórí Ìyá Àgbà, Kẹ́hìndé ni yóò ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ wá a. Ẹsẹ̀ tí yóò rí lè máà jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìyá àgbà rẹ̀. Aṣọ funfun ń sunkún aró, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ń sunkún èkejì tantantan.

Ọmọ Ìtòkú

Mo ti yọ Ọba Òkùnkùn kúrò pátápátá, mo sì tún ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà kọ. Bí ó ti rí nìyí:

“Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Òfò wọ agbo ilé wá. Ẹ̀rù ńlá ba gbogbo ènìyàn nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ibi ti dé. Àwọn aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn pàdánù àwọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ya Ìyá Àgbà lẹ́nu gidigidi, nítorí pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.”

Mo fẹ́ kí orí kejì wá sọ ìtàn bí Ìyá Àgbà ti fẹ́ bàbá Ṣówándé, àti bí ilé oṣó àti ilé aláró ṣe di ọ̀tá kí wọ́n tó di àna.

Olóòtú Àgbà

O ti ń sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n o ń sọ fún mi pé ẹ̀rù bà wọ́n, o kò sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí. Yọ “ẹ̀rù ńlá,” yọ “ibi ti dé,” yọ “gidigidi.” Má ṣe dárúkọ Òfò rárá kí ìwé tó dé ìdajì. Jẹ́ kí ẹnì kan jáde lọ ká aṣọ:

“Nígbà tí Kẹ́hìndé dé ẹ̀yìnkùlé, aṣọ méje ni ó bá lórí okùn, gbogbo wọn funfun. Ó kọ́kọ́ rò pé èyí tí wọn kò tíì pa láró ni. Ó wá rí àpá ẹ̀kọ lára ìkẹta, níbi tí Ìyá Àgbà ti ya ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. ‘Ìyá Àgbà, ẹ wá wo aṣọ yín.’ Ìyá Àgbà jáde. Ó wo aṣọ, ó sì wo Kẹ́hìndé. ‘Ọmọ ta ni ọ́?’ ni ó bi í.”

Ní ti orí kejì, fi ìtàn ìgbéyàwó yẹn pamọ́ fún ìwé mìíràn. Fágúnwà tẹ ìtàn Àkàrà-ògùn jáde ní ọdún 1938, ọdún 1949 ni ó tó padà sọ ti Olówó-ayé, bàbá rẹ̀, ní ìwé tirẹ̀ tí ó dá dúró. Ohun tí òǹkàwé nílò nínú ìwé àkọ́kọ́ kò ju pé Ṣówándé kì í dúró níbi tí ìyá rẹ̀ bá ti ń ya aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ìyá Ìbejì Peckham

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, àwọn ọmọ mi sì ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ti lè kà á lọ. Èmi ni mo máa ń kà á sí wọn létí lálẹ́, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí orí kan gùn ju èyí tí ìyá tí ó ti ibi iṣẹ́ dé lè kà tán kí oorun tó gbé e. Ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ orúkọ ènìyàn àti ọfọ̀, nítorí pé ọfọ̀ tí a bá ṣì pè kò ní dùn létí ọmọdé. Kí ẹ tó fún atẹ̀wé, ẹ tẹ ojú ewé kan jáde, kí ẹ sì wo ẹ́, ọ̀ àti ṣ dáadáa, nítorí pé àwọn fọ́ńtì kan máa ń gbé àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbejì ni ó mú mi wá síbí gan-an. Táyé ni ó kọ́kọ́ wáyé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó rán Táyé pé kí ó lọ tọ́ ayé wò kí òun tó jáde. Ẹ lò ó. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà pín sí méjì nínú igbó tí Ìjì Ìkẹjà ń bẹ̀bẹ̀ fún, Táyé yóò fẹ́ kọ́kọ́ lọ nítorí pé òun ni ọkùnrin. Kẹ́hìndé kò ní jiyàn. Yóò kàn rán an ní iṣẹ́ bí ó ti rán an nígbà yẹn, Táyé yóò sì lọ kí ó tó rántí pé òun kò fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tèmi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù, Ìyá Aláró Òṣogbo ni mo sì fẹ́ bi. Ní ìparí, nínú Kétu, kò sí láfún lọ́wọ́ Kẹ́hìndé, kò sí ìyẹ́ adìyẹ, Òfò sì ti mọ̀ pé ẹ̀yìn aṣọ ni òun máa gbà. Kí ni ó lè fi dáàbò bo ojú méjèèjì aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ìyá Aláró Òṣogbo

Ìko ni. Àdìrẹ oníko kò mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí iwájú. Ohun tí o bá fi ìko dì pọ̀, ojú méjèèjì ni o dì. Kí ó rí i pé ó dì í gírígírí, nítorí pé aró yóò wá ibi tí ó dẹ̀. Kí ó má sì tú u lójú omi bó ti wù kí ó máa kánjú tó. A máa ń dúró kí aṣọ gbẹ kí a tó já ìko. Bí Òfò bá ní ọgbọ́n, kò ní bá a jà rárá. Yóò kàn máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú u wò kí ó tó gbẹ.